Bí ẹ ṣe lè mọ ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan lọ nínú ilé yín

Ní Kétu ti ilẹ̀ Benin níbí, iṣẹ́ iná tí wọ́n máa ń pè mí sí jù ni ti agboolé. Bàbá kọ́ yàrá mẹ́rin, ó pe oníná kan. Ọmọ fi ìyẹ̀wù àti ilé ìdáná kún un, ó pe oníná mìíràn. Àbúrò bàbá fa wáyà gba abẹ́ páànù lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, kò tilẹ̀ pe ẹnikẹ́ni. Ẹ wá ṣí àpótí ara ògiri lónìí, ẹ bá wáyà tó ta kókó mọ́ra, kò sí àmì lára ọ̀kankan, àwọn tó sì mọ ibi tí wọ́n lọ ti kúrò nílùú tàbí kí wọ́n ti di ará ọ̀run. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ń tú irú rẹ̀, kí onísùúrù lè mọ ilé ara rẹ̀, kí ó sì mọ ibi tó yẹ kó dúró kó pe oníṣẹ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi ni pé àwọ̀ wáyà kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Wáyà tí wọ́n rà ní Kútọnù tàbí lọ́jà Ouando ní Àjàṣẹ́, ìlànà Faransé ni oníná sábà máa ń bá a lọ: búlúù ni neutre, ìyẹn èyí tí iná ń gbà padà, èyí tó ní àwọ̀ ewé àti ìyeyè pọ̀ ni wáyà ilẹ̀, pupa, dúdú tàbí búráùn ni phase, èyí tó ń gbé iná bọ̀. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò jìnnà sí wa. Ẹrù ń gba Ìlárá wọlé, àwọn oníná tó kọ́ṣẹ́ lọ́hùn-ún sì ń wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Nínú ìlànà àtijọ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pupa ló ń gbé iná bọ̀, dúdú ló ń dá a padà, ewé lásán ni ti ilẹ̀. Dúdú kan náà nìyẹn: lọ́wọ́ oníná kan, neutre ni, lọ́wọ́ èkejì, ó lè pani. Ibi tí iná oní-phase mẹ́ta bá sì dé, ìlànà àtijọ́ yẹn fi pupa, ìyeyè àti búlúù ṣe phase mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Búlúù yẹn gan-an ni ará Àjàṣẹ́ máa fọwọ́ kàn láìbẹ̀rù.

Ní ilé kan lẹ́bàá Àkàbà Ìdènà, ibodè àtijọ́ ìlú wa, ìyá onílé sọ fún mi pé fíríìjì ń gbé òun lọ́wọ́, pé alẹ́ nìkan ló sì máa ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ “alẹ́ nìkan” yẹn ló là mí lójú. Ẹnì kan ti rí wáyà ewé-àti-ìyeyè tó ṣẹ́kù nínú páìpù, ó fi gbé iná lọ sí gílóòbù òde. Lẹ́yìn rẹ̀, oníná mìíràn rí àwọ̀ náà nínú àpótí, ó gbà pé ti ilẹ̀ ni, ó so ti sọ́kẹ́ẹ̀tì fíríìjì mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti tan gílóòbù òde, ara fíríìjì ti di iná. Ẹni kejì yẹn ì bá wọ̀n ọ́n kí ó tó so ó.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ pa gbogbo ọ̀nà tí iná lè gbà wọlé. Disjoncteur ńlá, ìyẹn súwíìsì tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá pọ̀ jù, tó wà nísàlẹ̀ compteur (mítà) SBEE, ilé-iṣẹ́ iná ilẹ̀ Benin, kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo mọ́. Jẹnẹrétọ̀ ń bẹ. Àwọn kan ń fi okùn olórí méjì ki iná rẹ̀ bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná á sì gba ẹ̀yìn kún gbogbo ilé; bí irú okùn bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ gé e dànù lónìí. Sólà náà ń bẹ, pẹ̀lú bátìrì rẹ̀. Ẹ pa gbogbo wọn, ẹ fi téèpù dè wọ́n mọ́ ibi tí ẹ pa wọ́n sí kí ọmọ má baà wá tan wọ́n, kí ẹnì kan nínú ilé sì mọ̀ pé ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́.

Pípa nìkan ò tó, ẹ ní láti wọ̀n ọ́n. Kí ẹ tó pa iná, ẹ fi multimètre, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná, sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ rí nǹkan bíi 220 volt lójú rẹ̀. Ẹ pa iná, kí ẹ wọn àwọn wáyà tí ẹ fẹ́ tú, ọ̀kan sí èkejì, àti ọ̀kọ̀ọ̀kan sí wáyà ilẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún lọ wọn ibi tó ní iná, ì báà jẹ́ nílé aládùúgbò, kí ẹ lè mọ̀ pé multimètre kò kú mọ́ yín lọ́wọ́ láàárín kan. Tẹ́sítà kékeré tó ní ẹnu sukurudíráfà, tí iná pupa ń tàn nínú rẹ̀, èmi kì í fi ẹ̀mí mi lé e lọ́wọ́. Ẹni tó dúró lórí àga igi tàbí tó wọ bàtà rọ́bà tó nípọn, ó lè má tàn fún un bẹ́ẹ̀ iná wà níbẹ̀. Wáyà tí kò sì so mọ́ ibì kankan, tó kàn fara ti èyí tó ní iná nínú páìpù, lè mú un tàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ya ilé sórí ìwé: gbogbo yàrá, gílóòbù, súwíìsì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹ dá iná padà, ẹ tan ohun gbogbo, kí ẹ wá máa pa àwọn disjoncteur kéékèèké lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa kọ ohun tó kú. Bí ẹ bá dá wà, ẹ ki rédíò tí kò ní bátìrì nínú bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gbé ohùn rẹ̀ sókè dáadáa. Láti ìdí compteur lẹ ó ti gbọ́ ìgbà tó dákẹ́. Ẹ wo bí wáyà ṣe nípọn tó pẹ̀lú: 1,5 mm² ni wọ́n sábà ń fi ṣe ti gílóòbù, 2,5 mm² ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, èyí tó bá nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ ń lọ síbi ohun ńlá. Bí ẹ bá bá 1,5 lábẹ́ disjoncteur 32 A (A ni ampere, ìwọ̀n iná tó lè gbà kọjá), ẹ fi bíìrò pupa kọ ọ́, ẹ má sì fi dọ̀la, torí wáyà náà lè jóná kí disjoncteur tó já.

Ó wá ku àwọn wáyà tí ẹ kò rí ìdí wọn. Ẹ tún pa iná, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ tú wọn sọ́tọ̀ ní ìhà méjèèjì, kí ọ̀kan má fara kan èkejì. Ẹ wá wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn láti àpótí dé yàrá tó jìnnà jù. Tèmi wà lára igi tí mo ká a mọ́. Ẹ so orí rẹ̀ kan mọ́ wáyà tí ẹ fẹ́ mọ̀ lọ́hùn-ún, ẹ fa orí kejì wá síbi àpótí. Ẹ yí multimètre sí ibi tó ti ń dún, ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kan wáyà gígùn, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ kejì kan àwọn tó wà nínú àpótí. Èyí tó bá dún, òun ni. Ẹ lẹ àmì mọ́ ọn ní ìhà méjèèjì lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò ní multimètre lè fi bátìrì àti gílóòbù tọ́ọ̀ṣì ṣe é, ìyẹn fún wáyà tó ti dájú pé kò ní iná.

Bí wáyà bá pọ̀, ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn jù. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní résístọ̀, ohun kékeré tó ní ìlà aláwọ̀ lára, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Mo máa ń mú oríṣiríṣi dání: 1 000 ohm (ohm ni ìwọ̀n bí ohun kan ṣe ń dí iná lọ́nà tó), 2 200, 4 700, 10 000, 22 000. Ní ìhà ọ̀hún, màá so orí kan gbogbo wọn pọ̀ mọ́ wáyà gígùn, màá sì so orí kejì résístọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ wáyà kan, kí n kọ èyí tí mo fún ti yàrá ìyá, èyí tí mo fún ti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màá padà síbi àpótí, màá yí multimètre sí ohm, màá máa wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan sí wáyà gígùn. Èyí tó bá fi nǹkan bíi 4 700 hàn, mo ti mọ ilé rẹ̀. Ì báà jẹ́ 4 600 tàbí 4 800, òun náà ni. Ìrìn kan, wáyà márùn-ún ti ní orúkọ.

Gílóòbù tí súwíìsì méjì ń pa, bíi ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, máa ń da èèyàn láàmú. Wáyà méjì ló so súwíìsì méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀kan bá ní iná, èkejì kò ní, ẹ sì tẹ súwíìsì báyìí, wọ́n á pààrọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní wáyà ti já. Ẹ má tẹ súwíìsì náà mọ́ títí ẹ ó fi parí, kí ẹ sì kọ wọ́n bí ìbejì, A1 àti A2.

Àwọn tí kì í ṣe ti iná kò ṣòro. Ti tẹlifíṣọ̀n ní bàbà kan ṣoṣo láàárín, àwọ̀n irin tẹ́ẹ́rẹ́ sì yí i ká. Ti íntánẹ́ẹ̀tì ní wáyà wẹ́wẹ́ mẹ́jọ tó lọ́ mọ́ra ní méjì-méjì. Ti sólà ni kí ẹ bẹ̀rù. Níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá ń ràn, iná wà lára wáyà tó ti orí òrùlé bọ̀, bí ẹ tilẹ̀ ti pa gbogbo disjoncteur ilé. Bí ẹ bá fà á yọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, iná á ta láàárín orí méjèèjì, kò sì ní fẹ́ kú. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó gbé e síbẹ̀.

Bí ẹ bá wá pa ohun gbogbo tí wáyà kan ṣì ń fi 220 hàn ńkọ́? Ẹ ti àpótí náà pa. Nínú agboolé, compteur ẹlòmíràn ló sábà máa ń bọ́ irú rẹ̀: bàbá ti fún ẹ̀gbọ́n ní iná rí, tàbí ayálégbé kan ni wọ́n fa décompteur, mítà kékeré tó wà lẹ́yìn ti onílé, fún. Ẹ lọ kí àgbà ilé, ẹ béèrè ẹni tó fa iná débẹ̀, kí onítọ̀hún pa tirẹ̀ níṣojú yín. Ẹ má gé e. Neutre pàápàá lè jẹ́ ti àjùmọ̀lò. Bí ẹ bá tú u nígbà tí iná ilé kejì ń tàn, iná yẹn á dúró sí ẹnu rẹ̀ de ọwọ́ yín.

Ní ti àmì, èmi ń lo téèpù funfun àti bíìrò tí omi kì í pa rẹ́, màá sì fi sẹ́lótéèpù bo orí rẹ̀, nítorí eruku ọyẹ́ máa ń mú téèpù lásán tú. Nọ́ńbà kan náà ní ìhà méjèèjì, ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹnu wáyà, kí ó má baà bá ibi tí wọ́n bó lọ. Ẹ gbé ìwé àwòrán ilé sínú ilẹ̀kùn àpótí, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù. Wáyà tí ẹ kò rí ìdí rẹ̀, ẹ fi dómínò, ike kékeré tí a fi ń so wáyà, bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sí i lára pé “a kò mọ ibi tó lọ”.

Ohun tó wà láti orí òpó dé ibi compteur, ti SBEE ni, èdìdì wọn sì wà lára rẹ̀. Disjoncteur yín kò lè pa iná ibẹ̀. Bí wáyà ibẹ̀ bá bó tàbí tó ń gbóná, ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn kí wọ́n rán òṣìṣẹ́ wá, kí ẹ sì lé àwọn ọmọdé jìnnà sí ògiri náà títí wọ́n á fi dé.