Jẹnẹrétọ̀ Ni Wọ́n Gbé Wá Sídìí Táńkà Tó Ń Jò

Awakọ̀ táńkà epo ni mí, ọ́fíìsì wa sì yọ nínú owó iṣẹ́ mi. Wọ́n ní epo tó ṣòfò ti pọ̀ jù, wọ́n tún ní èmi ni mo dá iṣẹ́ dúró di alẹ́. Mo dá a dúró lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Bẹntiróòlù 33,000 lítà ni mo gbé, Ìbàdàn ni mò ń lọ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ògèrè ni tírélà kan tó ń sá eré àsápajúdé fi ara gbá wa, ó sì fọ́ ẹnu páìpù tí a fi ń já epo nísàlẹ̀ táńkà. Kò tilẹ̀ dúró. Fáàfù inú tó yẹ kó pa epo dé ti gbó, ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn ní ọ́fíìsì.

Ohun tí gbogbo awakọ̀ táńkà mọ̀, mi ò ní tún un kà: ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tú orí bátìrì, ẹ gbé C-caution sílẹ̀, ẹ pe 122, nọ́ńbà àwọn Road Safety. Ọmọ ọkọ̀ mi fi ọṣẹ ìfọṣọ dí ibi tó là. Ó mú un díẹ̀, àmọ́ epo ṣì ń kán tó, tó, tó sórí iyanrìn tí a kó sábẹ́ rẹ̀.

Kí n tó gbójú sókè, kéègì ti ń bọ̀ láti inú igbó. Mo bẹ ìyá kan tó pọn ọmọ, mo ní, "Màmá, ẹ rántí Majia." Ní Jigawa, lóṣù kẹwàá 2024, ó lé ní 150 ènìyàn tó kú lẹ́yìn tí wọ́n lọ gbọ́n epo lára táńkà tó ṣubú. Màmá ní, "Ṣé tìẹ ni epo náà ni?" Àwọn Road Safety ló bá mi lé wọn, Ọlọ́run bù kún wọn.

Wàyí o, ọ̀gá rán táńkà òfìfo wá pẹ̀lú àwọn ọmọ tí yóò fa epo inú ọ̀kan nínú àwọn yàrá táńkà mi, èyí tó ń jò, 11,000 lítà. Jẹnẹrétọ̀ oní-bẹntiróòlù ni wọ́n gbé sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà mi gan-an! Èéfín bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rá pálá tọ̀, púlọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀ sì ń ṣáná. Bí iná ṣe sọ ní Dikko, ní ìpínlẹ̀ Niger, ní January 2025 nìyẹn: jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń fa epo láti inú táńkà kan sí òmíràn. Ó lé ní 80 ènìyàn tó lọ.

Mo jókòó lé jẹnẹrétọ̀ náà. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n bú mi. Ọ̀gá pè, ó ní, "Ṣé ìwọ lo ni mọ́tò ni?" Mo ní, "Rárá sà, àmọ́ èmi ló ni ara mi."

Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n wá pọ́ńpù oní-dísù, tí kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná, láti Ṣàgámù. Ó dé, ẹnu họ́òsì kò wọlé: íǹṣì mẹ́rin ni tiwa, mẹ́ta ni wọ́n gbé wá. Wọ́n tún padà. Inú mi ń ru, òùngbẹ ń gbẹ mí, ẹnikẹ́ni kò lè dáná oúnjẹ nítòsí. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó bára mu. Mo ní kí wọ́n gbé pọ́ńpù náà jìnnà, sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí wọ́n fi wáyà so táńkà méjèèjì pọ̀, kí wọ́n sì so wáyà náà mọ́ irin tí a kàn mọ́lẹ̀, torí epo tó ń sáré nínú họ́òsì máa ń kó iná mànàmáná jọ sára irin. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ wọ́n so ó. A fa epo náà tán láìsí iná.

Ẹ̀yin tó wà lójú ọ̀nà, kí àwọn tó ń bọ̀ wá fa epo tó kúrò ní gáréèjì ni kẹ́ ẹ ti bi wọ́n lórí fóònù: ẹ́ńjìnnì wo lẹ gbé? Wáyà ńkọ́? Íǹṣì mélòó ni ẹnu họ́òsì? Ẹni tó bá ń kólòlò, ẹ ní kó má tíì gbéra.