Fìlà Ọmọ Tuntun Tó Ń Ká Bí Etí Gèlè: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ kíróṣé lọ́dọ̀ mi ló ń hun fìlà sílẹ̀ de ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ bí. Mo kó ìbéèrè rẹ̀ àti ìdáhùn mi jọ síbí, torí ohun tó dà á láàmú ló ń da ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú abẹ́rẹ́ kíróṣé láàmú. Bí mo bá sọ pé "ojú", ohun kan tí abẹ́rẹ́ hun lẹ́ẹ̀kan ni mò ń sọ, bí a ṣe ń sọ ojú àwọ̀n. "Ìyípo" ni kí a hun yí po lẹ́ẹ̀kan.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Fídíò obìnrin Amẹ́ríkà kan ni mo ń wò. Ó ní kí n fi double crochet 12 bẹ̀rẹ̀, kí n sì máa fi 12 kún un ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Mo kà á, ó pé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìyípo kẹrin, kò tẹ́ mọ́. Etí rẹ̀ ń ká sókè, ó ń ká sísàlẹ̀, bí etí gèlè. Kí ni mo ṣe sí i?

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. O ò ṣi ojú kà rárá, orúkọ ló ṣì ọ́ lọ́nà. Double crochet tí wọ́n kọ́ wa níléèwé, ti Gẹ̀ẹ́sì ni, ojú kúkúrú sì ni: o ti abẹ́rẹ́ bọlẹ̀, o fa òwú jáde, ó di méjì lórí abẹ́rẹ́, o fa òwú gba inú méjèèjì, ó parí. Ojú kúkúrú yìí gan-an ni Amẹ́ríkà ń pè ní single crochet. Double crochet tiwọn ni èyí tí àwa ń pè ní treble: wàá kọ́kọ́ lọ́ òwú mọ́ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí o tó ti abẹ́rẹ́ bọlẹ̀, ojú náà á sì ga tó ìlọ́po méjì ti kúkúrú.

Wo ìdí tó fi ń ká. Bí ojú bá ṣe ga tó ni ìyípo kọ̀ọ̀kan ṣe ń sún etí iṣẹ́ rẹ jìnnà sí àárín tó. Bí etí bá sì ṣe ń jìnnà ni àyè ń pọ̀ sí i, tó ń fẹ́ ojú tuntun tó máa dí i. Ojú kúkúrú kì í fẹ́ ju nǹkan bí 6 lọ ní ìyípo kan: 6, 12, 18, 24. Ojú gíga ló ń fẹ́ 12: 12, 24, 36, 48. Ìwọ wá ń hun kúkúrú, o sì ń fi 12 kún un. Ojú pọ̀ ju àyè lọ, ni wọ́n bá ń gun ara wọn. Bó bá jẹ́ pé ojú ni kò tó, àárín ì bá jìn bí abọ́ kí ó tó fẹ̀.

Tú u pátápátá, kí o fi ojú gíga tún un hun. Mo mọ̀ pé ó dunni, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù ò lè tẹ́ ojú tó pọ̀ jù. Láti òní lọ, kí o tó fi abẹ́rẹ́ kan òwú, wo orúkọ inú àpẹẹrẹ: bí single crochet bá wà níbẹ̀, ti Amẹ́ríkà ni. Lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan, gbé iṣẹ́ sórí tábìlì kí o fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ.

Ìbéèrè: Ó ti tẹ́ báyìí mà, ẹ ṣeun gan-an. Ìgbà wo ni kí n dá fífi kún un dúró? Ọmọ ò tíì dé, n ò lè wọn orí rẹ̀.

Ìdáhùn: Orí ọmọ tuntun tí oṣù rẹ̀ pé sábà máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 35 yípo, ti ẹlòmíì jẹ́ 33, ti ẹlòmíì 37. Kíróṣé ń nà, nítorí náà jẹ́ kí fìlà fi 2 dín sí orí. Pín 33 sí 3.14, wàá rí nǹkan bí 10.5. Òun ni ìbú òkè fìlà, láti etí kan gba àárín dé etí kejì. Rúlà ni kí o gbé lé e, má fi ojú lásán wọ̀n ọ́n. Bó bá ti dé ibẹ̀, má fi kún un mọ́. Máa hun ojú kan sínú ojú kan, fìlà á máa wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti àárín orí dé ẹnu fìlà, 13 tàbí 14 ti tó.

Fún ọmọ ọdún kan, orí ń lọ bí 46, ìbú òkè fìlà á sì tó 14. Ọmọ tó ti wà nílẹ̀, wọn orí rẹ̀: kí téèpù gba òkè irun ojú àti òkè etí, kó yí gba ibi tí ìpàkọ́ ti yọ jù.

Ìbéèrè: Mà, mo ti hun ìyípo mẹ́ta wálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń fún. 48 ni mo ní tẹ́lẹ̀, nísinsìnyí 45 ni mò ń kà.

Ìdáhùn: Ojú kan ló ń sọnù ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ibì kan náà ló sì ń gbà lọ: ibi tí o ti ń so ìparí mọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ṣéènì mẹ́ta (òwú tí o kàn fà gba inú ojú orí abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta) tí o fi ń gòkè dúró fún ojú kìíní. Ojú tó gbẹ̀yìn máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn ìsopọ̀ náà, á fún pọ̀, o ò ní mọ̀ pé ojú ni, wàá sì fò ó. Kí o tó so ìyípo pọ̀, fi òwú pupa kékeré bọ orí ojú tó gbẹ̀yìn. Bí o bá yí po dé, inú ojú olówùú pupa yẹn ni kí o parí sí. Tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo máa ń ka ojú nígbà gbogbo, láti ọdún tí mo ti ń hun, n kì í sinmi kíkà.

Ìbéèrè: Òkè rẹ̀ ní igun, kò rí róbótó. Èyí ńkọ́?

Ìdáhùn: Nígbà tí o ń hun òkè, orí ara wọn ni o to ibi tí o ti ń fi kún un sí. Sún un díẹ̀ ní ìyípo tó tẹ̀ lé e. Lórí ọmọ, kò ní hàn.

Ìbéèrè: Àárín òkè ń ṣí, ihò rẹ̀ tó ìka mi.

Ìdáhùn: Ìdí òwú tí o fi bẹ̀rẹ̀ ló kúrú. Fi sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ nígbà míì. Fa èyí tó kù kó fún, kí abẹ́rẹ́ ìránṣọ gbé e yí ihò náà po lẹ́ẹ̀mejì, kó sì padà gba òdìkejì. Má kàn ta kókó síbẹ̀: àwùjẹ̀ ọmọ wà lókè orí, kókó líle ò yẹ níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi ní wúùlù tí wọ́n fi ń dirun wà nílé. Ṣé mo lè lò ó?

Ìdáhùn: O lè lò ó, ṣùgbọ́n mọ ohun tó jẹ́. Púpọ̀ nínú wúùlù tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í ṣe irun àgùntàn, acrylic ni, ìyẹn òwú àtọwọ́dá tí wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́. Gé díẹ̀, kí o fi iná ìṣáná kàn án lórí àwo irin. Bó bá yọ́, tó di kókó dúdú líle, acrylic ni. Bó bá ń rùn bí irun tó jó, irun àgùntàn ni. Bó bá jó bí bébà, òwú gidi ni. Òwú gidi ni mo fẹ́ràn jù fún ọmọ tiwa, torí ó ń mu òógùn. Acrylic dára fún ìgbà ọyẹ́, má sì gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e, á tẹ́ láìní padà.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ fi bọ́tìnnì méjì ṣe ẹyinjú sí i, kí n sì fi okùn so ó sábẹ́ àgbọ̀n.

Ìdáhùn: Rárá, ọmọ mi, lórí èyí n ò ní dẹwọ́. Bọ́tìnnì lè já kó wọ ẹnu ọmọ, okùn lè fún ọrùn rẹ̀. Fi òwú aláwọ̀ dúdú rán ẹyinjú náà sí i. Kàkà kí o fi okùn sí i, jẹ́ kí ẹnu fìlà gùn díẹ̀ sí i, kí o ká a sókè. Yóò di orí mú, bí ọmọ bá sì dàgbà, ẹ ó tú u sílẹ̀. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé bí ọmọ bá ti sùn nínú ilé, kí ó bọ́ fìlà náà. Ooru púpọ̀ máa ń gba orí ọmọ tuntun jáde, bí fìlà bá sì bò ó, ara rẹ̀ lè gbóná jù.