Ogójì ègé igi lórí tíréè mi

Lọ́jọ́ kejì tí mo ti ọsibítù dé, ìyá àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa gbé àpò aṣọ kékeré kan wá fún mi. Òyìnbó ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ ń dun àwọn náà, síbẹ̀ wọ́n gun àtẹ̀gùn wá. Wọ́n gbé àpò náà lé orí ibùsùn mi, wọ́n ní kí n má kánjú sí i. Nígbà tí mo mì ín, ó dún bí ọmọ ayò. Jigsaw ni, àwòrán tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ kí èèyàn lè tò ó padà, èyí tí wọ́n fi igi ṣe. Ogójì ègé péré.

Fòníkú-fọ̀ladìde ni àìsàn tèmi. SS ni mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi l'Ábẹ́òkúta. Ìyá bàbá mi ló sọ mí ní Dúrójayé, nítorí pé ọmọ méjì ti kú ṣáájú mi, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nílé wa nígbà náà pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń lò tó 120 ọjọ́ kó tó kú. Tèmi kì í sábà lò ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Ó máa ń tẹ̀ bí dòjé, á wá há sínú iṣan tóóró, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì ti ráyè dé, ìrora ni yóò gba ibẹ̀. Òtútù wà lára ohun tó máa ń fà á, ẹni tó bá sì ti gbé London rí mọ bí oṣù Kejì ṣe ń rí.

Ìgbáròkó àti apá méjèèjì ni kíráísìsì náà, ìyẹn ìrora tó máa ń dìde yìí, mú lọ́tẹ̀ yìí. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò ní ọsibítù. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo débẹ̀, mo dúró pẹ́ kí wọ́n tó fún mi ní oògùn ìrora, bẹ́ẹ̀ ìlànà tí wọ́n fi ń tọ́jú wa nílùú yìí ní kò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni àwọn ọjọ́ tó máa ń tẹ̀ lé e. Gbogbo èèyàn á ti kí ọ kú ewu, wọ́n á ti padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn, ìwọ á wà lórí ibùsùn. Ìrora ti rọlẹ̀ àmọ́ kò tíì lọ. Oògùn ń kun ojú. Mo máa ń ka ìlà kan nínú ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó mọ ohun tó sọ. Tí mo bá ń wo fíìmù, màá sùn, màá jí, n kò ní mọ ẹni tó ti kú nínú rẹ̀. Iná fóònù ń gún mi lójú. Ara dùbúlẹ̀, ọkàn ń rìn kiri: owó ilé, ibi iṣẹ́ tí mo ti pa jẹ, ọmọ tó ń dá oúnjẹ jẹ nílé ìdáná.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ẹnì kan fi inú rere ra jigsaw oníbéébà líle fún mi, ẹgbẹ̀rún kan ègé. A tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìjẹun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ mi fi ń gbé oúnjẹ lé itan jẹ nítorí rẹ̀. N kò lè jókòó sórí àga pẹ́ títí kí ìgbáròkó mi má ké, torí náà ìdajì ilé kan àti ìlà etí àwòrán náà nìkan ni mo rí tò. Lọ́jọ́ tí mo kó o padà sínú páálí rẹ̀, mo sunkún. Ó ń ṣe mí bíi pé kò sí ohun tí mo dáwọ́ lé mọ́ tí mo lè parí. Ìdí nìyẹn tí mo fi wo àpò ìyá àgbà fún odindi ọjọ́ kan tí n kò tú u.

Lọ́jọ́ kẹta, mo tú u. Tíréè tí mo fi ń jẹun lórí ibùsùn ni mo lò, torí pé ó ní etí tó ga díẹ̀, ègé kankan kò ní yí bọ́ sílẹ̀. Mo tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì ìnujú sínú rẹ̀ kí àwọn ègé má bàa máa yọ̀ tí mo bá na ẹsẹ̀. Mo fi ìrọ̀rí kan sábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ kọ̀ọ̀kan, rọ́bà omi gbígbóná wà ní ìgbáròkó mi, ìgò omi wà nítòsí. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú mi sì dàrú. Mo kó ìdajì padà sínú àpò. Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn kò ju pé mo yí ojú ogún ègé sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń gbóòórùn wọn. Iná lésà ni wọ́n fi gé wọn, etí wọn pọ́n rúsúrúsú bí igi tí iná rà, òórùn èéfín sì ṣì wà lára wọn. Mo rántí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí màmá mi máa ń gbé mi jókòó síbẹ̀ nínú oòrùn òwúrọ̀ kí ara mi lè móoru.

Mo fi áláàmù sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tó dún, mo dáwọ́ dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń wù mí. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú àìsàn yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má fo ibí yìí dá. Kí ó tó rẹ̀ yín ni kí ẹ dúró. Tí ẹ bá dúró de ìgbà tí apá yóò fi sọ fún yín, ó ti pẹ́ jù.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín igi àti béébà líle kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Lọ́sẹ̀ yẹn, ìka mi kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù, síbẹ̀ wọ́n lè di ègé igi mú, nítorí pé ó nípọn, kì í ká, kì í ṣẹ́po. Tó bá wọ àyè rẹ̀, ó máa ń dún kẹ́, ìka yóò sì mọ̀ kí ojú tó mọ̀. Ìgbà tí oògùn bá ti kun ojú, ìka ni mo fi ń ríran.

Etí àwòrán ni gbogbo èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ jigsaw. Mo gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, kò bọ́ sí i. Àwọn tó gé e ti dọ́gbọ́n sí i: wọ́n gé igun kan sí méjì, wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ gbọọrọ sára àwọn ègé tó jẹ́ pé àárín gan-an ni wọ́n ń lọ. Mo fi etí sílẹ̀, mo lọ mú àwọn ègé tí wọ́n gé ní ìrísí nǹkan. Mẹ́fà ni wọ́n: labalábá, kọ́kọ́rọ́, ẹyẹ, bàtà, ewé àti ike tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó. Inú mi dùn sí wọn bí inú ọmọdé. Dókítà kì í yéé sọ fún mi pé kí n mu omi dáadáa, torí pé ẹ̀jẹ̀ tí omi kò tó nínú rẹ̀ tètè máa ń há, àmọ́ tí mo bá dùbúlẹ̀ mo máa ń gbàgbé. Mo wá fi í ṣòfin: ọ̀kan nínú mẹ́fà yìí tó bá ti rí àyè, ife omi kan. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, mo ti mu mẹ́rin.

Ìyá àgbà ní àwọn kì í wo àwòrán tó wà lára ìwé tó bá a wá, pé kò dùn mọ́ tí èèyàn bá wò ó. Èmi wò ó. Ológbò aláwọ̀ ọsàn kan ló jókòó sórí ògiri ọgbà, òdòdó wà nísàlẹ̀, ojú ọ̀run sì gba gbogbo òkè. Ẹni tó ń ṣàìsàn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìgboyà.

Nígbà tí ọmọ mi ti ilé ìwé dé, ó béèrè ẹni tó kọ́kọ́ ṣe irú nǹkan báyìí. Mo sọ fún un pé ìlú yìí kan náà ni, ní nǹkan bí ọdún 1760 sí 1769. John Spilsbury, ọkùnrin kan tó ń ya máàpù, tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí Drury Lane, ló lẹ máàpù mọ́ pátákó mahogany, igi tó jẹ́ ìbátan ọ̀gánwó tiwa. Ó wá fi ayùn gé e tẹ̀ lé ẹnubodè àwọn orílẹ̀-èdè, kí àwọn ọmọdé lè fi kọ́ ibi tí ìlú kọ̀ọ̀kan wà. Ọdún 1769 náà ló kú, kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Ọmọ mi dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ṣé òun náà ṣàìsàn ni?” N kò rí èsì fún un. Mo fà á mọ́ra.

Ojú ọ̀run ló fún mi níṣẹ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, ègé mẹ́sàn-án ló kù, aró ni gbogbo wọn, kò sí ìkùukùu, kò sí ẹyẹ. Mo ti fi méjì síbì kan, wọ́n wọlé, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tún wọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá mi, wọ́n gbé ọbẹ̀ ilá àti ẹja wá. Télọ̀ ni wọ́n. Wọ́n wo tíréè.

“Dúró, ṣé eré ọmọdé lo wá ń ṣe?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná.”

Wọ́n jókòó. Wọ́n wò ó títí. Nígbà tó yá, wọ́n mú ègé kan, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, wọ́n gbé e súnmọ́ fèrèsé. “Wo ẹ̀yìn rẹ̀. Igi yìí ní ìlà bí aṣọ ṣe ní. Ibi tí ìlà bá kọrí sí, ibẹ̀ náà ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kọrí sí.”

A yí gbogbo ègé tó kù dójú dé. Òótọ́ ni. Ìlà igi ń lọ láti apá kan sí èkejì, tẹ́ẹ́rẹ́, bí omi tó ń ṣàn. A yọ méjì tí mo ti fi sí i: ìlà tiwọn dábùú. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi kò rántí ọbẹ̀ tó ń tutù. Àwa méjèèjì tẹrí ba sórí tíréè, wọ́n ń mú, mo ń mú, a ń jiyàn. Nígbà tó ku mẹ́ta, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún mi.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò.

Àwọn ló máa ń fi òrí ra mí lẹ́sẹ̀ lóru nígbà tí a wà lọ́mọdé, tó bá ti rẹ màmá. Láti ìgbà náà, a kì í jókòó pọ̀ kí wọ́n má bi mí bóyá ó ń dùn mí. Lọ́jọ́ yẹn, wákàtí kan gbáko kọjá, wọn kò bi mí.

Ìrora jí mi ní nǹkan bí aago méjì òru. Mo lo oògùn mi. Igi kò gba ìrora lọ́wọ́ mi, oògùn ló gbà á, kí ẹnikẹ́ni má fi èyí rọ́pò èyí. Ṣùgbọ́n oògùn máa ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, àkókò ìdúródè yẹn ló máa ń gùn jù láyé mi. Mo tan iná kékeré, mo gbé tíréè lé itan. Ègé mẹ́ta. Mo wo ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó fi í síbẹ̀. Kẹ́. Kẹ́. Èyí tó kẹ́yìn ni mo dì mọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí mo fi í sí i, mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ibi tó gbún. N kò jí ẹnikẹ́ni. Mo jókòó ti ológbò náà títí oorun fi gbé mi.

Ọjọ́ méjì ló lò lórí tíréè kí n tó tú u. Mo kà á sínú àpò ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìgbà mẹ́rin, kí ègé ẹlòmíràn má bàa sọnù lọ́wọ́ mi. Láàárọ̀ yìí, mo ti tún ń fi ọwọ́ òsì nìkan tò ó, torí pé lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i mo ní ọjọ́ pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀, apá ọ̀tún á wà lára ẹ̀rọ fún wákàtí méjì ó lé. Mo ti ro ó pé kí n dá a padà fún ìyá àgbà lọ́jọ́ Ẹtì, kí n sì yá òmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ti pè. Wọ́n ní kí n má dá a padà kí àwọn tó dé lọ́jọ́ Sátidé, pé àwọn fẹ́ tò ó láìwo àwòrán.