Bí a ṣe ń parí ìjà ẹ̀gbọ́n àti àbúrò láìdájọ́

Rìmóòtù ló dìjà ní pálọ̀. Ìyá pariwo láti ilé ìdáná: "Ṣebí ìwọ lẹ̀gbọ́n? Fún un jàre!" Ilé rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ti kọ́ pé ẹ̀gbọ́n kì í jàre, àbúrò sì ti kọ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ sunkún ló ń gba nǹkan.

Ìjà yẹn wúlò ju bí a ṣe rò lọ. Ní 1994, Josef Perner, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé láàárín àwọn ọmọ ọdún 3 sí 4, àwọn tó ní ọmọ ìyá nílé máa ń tètè lóye pé ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn lè yàtọ̀ sí ohun tí àwọn mọ̀. Hildy Ross, tó ṣèwádìí nípa ìjà àwọn ọmọ ìyá ní Yunifásítì Waterloo ní Kánádà, wà lára àwọn tó kọ́ òbí láti máa làjà dípò kí wọ́n máa dájọ́. Ọ̀nà wọn ni mo tẹ̀ lé níbí, mo kàn fi ti ilé wa kún un.

Ẹ kọ́kọ́ là wọ́n. Ẹ gbé rìmóòtù sórí fìríìjì, kí ara wọn balẹ̀.

Ẹ wá fòfin lélẹ̀: bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀, èkejì ò gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sí èébú. Ẹ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ibi tó le nìyí: ẹ ní kí kálukú sọ ohun tí ẹnì kejì ń fẹ́. Ẹ̀gbọ́n á ní, "Ó kàn fẹ́ yọ mí lẹ́nu ni." Ẹ má gbà. Ẹ tún un bi: "Kí ló ń wò? Kí ló dé tí kò fi lè dúró?" Ó lè pẹ́, ọbẹ̀ lè fẹ́ jóná. Ẹ pa iná. Ìgbà tó bá sọ pé, "Eré rẹ̀ ló kù díẹ̀ kó parí, kò sì mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀," ó ti rí inú àbúrò rẹ̀ nìyẹn.

Kí àwọn fúnra wọn dá àbá. Ẹ má bá wọn dá a, bí tiyín tilẹ̀ dára jù. Ní ti ẹran tàbí kéèkì, àbá kan wà tí mo fẹ́ràn: ẹni kan á pín in, èkejì á kọ́kọ́ mú. Ẹ ó rí i bí olùpín yóò ṣe máa fojú wọ̀n ọ́n bí ẹni ń wọn góòlù!

Àbúrò tí kò tíì pé ọdún 3 kò lè ṣe èyí. Ẹ bá a sọ tirẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ọmọ kan náà ló ń jìyà ní gbogbo ìgbà, ìjà kọ́ nìyẹn, ìfìyàjẹni ni. Ẹ dìde, kí ẹ dájọ́.