Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tá a bá ń sọ̀rọ̀ nípa báwọn ará Faransé ṣe kórìíra ọ̀tọ̀kùlú

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹfolúṣọ̀n ilẹ̀ Faransé, ìyẹn ìgbà táwọn aráàlú dìde sí ìjọba ní 1789, ẹ má kàn sáré sọ pé torí pé àwọn ọ̀tọ̀kùlú, ìyẹn àwọn tí wọ́n bí sínú ìdílé olóyè, lówó làwọn èèyàn ṣe kórìíra wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò ńlá ìlú Bordeaux ní Faransé lówó ju ọ̀pọ̀ ọ̀tọ̀kùlú abúlé lọ fíìfíì, kì í ṣe àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dojú ìjà kọ. Ẹ̀tọ́ tí wọ́n bí mọ́ ọ̀tọ̀kùlú ló ń bí aráàlú nínú. Ẹ wò ó, owó orí tí wọ́n ń pè ní taille, àgbẹ̀ ló ń san án, ọ̀tọ̀kùlú kì í san án lọ́pọ̀ ibi, òun kan náà ló tún ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ẹyẹlé ẹ̀ á tún fò wá ṣa irúgbìn jẹ lóko àgbẹ̀, àgbẹ̀ ò sì láṣẹ láti pa á, á kàn máa wò ó ni. Ìdí nìyẹn tí Sieyès, tó jẹ́ àlùfáà Àgùdà, fi kọ ọ́ ní January 1789 pé ẹni tó bá ti ní òfin tiẹ̀ lọ́tọ̀ kì í ṣe ara orílẹ̀-èdè, tí wọ́n bá sì ń yangàn pé baba ńlá àwọn ló fogun gba ilẹ̀, kí wọ́n padà sínú igbó Franconia nílẹ̀ Jámánì tí wọ́n ti wá.

Ẹ má sì rò pé apá kan ni gbogbo ọ̀tọ̀kùlú dúró sí o. Lálẹ́ August 4, 1789, vicomte de Noailles, ọmọ ọ̀tọ̀kùlú pọ́ńbélé, ló dìde nílé ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n pa ẹ̀tọ́ wọ̀nyẹn rẹ́, ọ̀rọ̀ ẹyẹlé náà bá a lọ. Nígbà tó di June 19, 1790, wọ́n fagi lé oyè ìdílé pátápátá.

Èyí tó ń dùn mí jù ni báwọn èèyàn ṣe máa ń sọ ọ́ bíi pé ọ̀tọ̀kùlú nìkan ni wọ́n bẹ́ lórí. Nínú nǹkan bí 17,000 èèyàn tí kọ́ọ̀tù dájọ́ ikú fún ní 1793 sí 1794, ọ̀tọ̀kùlú ò tó ẹyọ kan nínú mẹ́wàá, àgbẹ̀ àtàwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ jù, torí nígbà yẹn ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fura sí ni wọ́n ń pè ní aristocrate (ìyẹn ọ̀tọ̀kùlú), títí kan ẹni tí wọ́n bá ní ó ń kó ọkà pamọ́. Àmọ́ ẹ má wá torí ìyẹn sọ pé nǹkan kan ò ṣe àwọn ọ̀tọ̀kùlú gan-an. Wọn ò pọ̀ láàárín ìlú rárá, nítorí náà iye tó kú nínú wọn kì í ṣe kékeré, òfin September 17, 1793 sì ka ìyàwó, ọmọ, tẹ̀gbọ́n tàbúrò wọn mọ́ afurasí bí wọn ò bá ti fi hàn nígbà gbogbo pé àwọn wà lẹ́yìn rẹfolúṣọ̀n. Àwọn tó ní ìdílé tí wọ́n bí èèyàn sí ò gbọ́dọ̀ já mọ́ nǹkan kan, àwọn náà ló tún wá ń tìtorí ìdílé mú èèyàn. Ẹ má fo ibí yìí.

Ẹ má sì parí ìtàn náà sí 1790. Napoleon, ọ̀gágun tó wá di olú ọba Faransé, dá oyè tuntun sílẹ̀ ní 1808, Sieyès fúnra ẹ̀ sì gba oyè tí wọ́n ń pè ní comte níbẹ̀. Ní 1848 ìjọba olómìnira tún fagi lé oyè, ní 1852 Napoleon Kẹta dá a padà.