Bí Obìnrin Ṣe Ń Múra fún Ọ̀sẹ̀ 10 ní Fort Jackson

Àwọn àbúrò tí mo ti rí ò níye: wọn á buwọ́ lùwé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, wọn á máa jẹ pọ̀pọ́ndó àti dòdò lọ, ó wá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Fort Jackson, ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ogun tuntun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré àsápajúdé. Tiro ni wọ́n ń tiro dé ibùdó. Ti ìwé, àyẹ̀wò ara àti ASVAB, ìdánwò tí wọ́n fi ń gbani síṣẹ́ ológun, ò le. Ẹni tó ń gbà yín síṣẹ́ á tọ́ ẹ sọ́nà.

Ẹsẹ̀ ni wàhálà. Oṣù mẹ́ta kí o tó lọ ni kó o bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, máa fi ẹsẹ̀ rìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, sáré ìṣẹ́jú kan, rin méjì, ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Aago márùn-ún ìdájí ni, kó o tó fọwọ́ kan fóònù. Má fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ kún un lọ́sẹ̀ kan.

Mo mọ̀ pé ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ara á yá ẹ. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń bà á jẹ́. Èémí máa ń tètè mọ́ eré lára, ṣùgbọ́n egungun ò yára bẹ́ẹ̀. Bí o bá ń fi eré kún eré, egungun ojúgun á sán bí àwo, èyí sì máa ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ ní ibùdó ológun. Ìrora tó bá kárí gbogbo ẹsẹ̀, ó lè jẹ́ àárẹ̀. Èyí tí o bá lè fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí, tó ń dùn ẹ́ kódà lórí bẹ́ẹ̀dì, dá eré dúró, lọ rí dókítà. Má fi Robb pa á. Ọmọ kan tí mo mọ̀ fi Robb pa á, ó tún sáré ọjọ́ márùn-ún lé e. Ọ̀pá ló fi rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bọ́ọ̀sì sì lọ.

Bàtà eré tuntun ni kó o rà, má gba àlòkù ọ̀rẹ́. Ti ẹrù gbígbé, àpò ìwé àti ìrẹsì póún 10 tó. O ṣì máa sè é. Rírìn ni o, má gbé e sáré láé.

Láti oṣù kẹfà 2025, ìdánwò ara wọn jẹ́ márùn-ún: gbígbé irin, push-up tí a ti ń gbọ́wọ́ kúrò nílẹ̀, fífa ẹrù, plank (kí ara nà gbọọrọ lórí ìgúnpá àti ọmọ ìka ẹsẹ̀) àti eré máìlì méjì. Push-up ló ń dá obìnrin lágara. Bẹ̀rẹ̀ lórí káńtà ìdáná, bọ́ sórí àga, kó o tó dé ilẹ̀. Èmi ò gba ti ìkúnlẹ̀ṣe. Gálọ́ọ̀nù omi méjì ni irin mi.

Irun: kólẹ́sẹ̀ ni o. Wọ́n ti dẹ òfin irun obìnrin láti 2021, ṣùgbọ́n akoto ò mọ òfin. Di ṣùkú, bí o bá dojú bolẹ̀ láti yìnbọn, akoto á ṣí bò ẹ́ lójú. Kọ́ bí o ṣe máa fọwọ́ ara rẹ dì í.

Ní kí wọ́n yẹ iye áyọ́ọ̀nù (iron) inú ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Ẹ̀dọ̀, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ ni kó o máa jẹ; má fi tíì sìn wọ́n wálẹ̀. Kọ́mú eré tó dì mọ́ra, rà á, kó o sì gbé páàdì tó mọ́ ẹ lára lọ.

Èyí tó kù ni ẹ̀kọ́ ilé. Bí àgbà bá ń bá wa wí, ilẹ̀ là ń wò. Wo ilẹ̀ níwájú drill sergeant, ọ̀gá tó ń kọ́ yín níbùdó, o ti gba push-up. Iwájú gan-an ni kó o wò, kó o fi gbogbo ohùn dáhùn. Báyìí, ẹni tó bá fẹ́ lọ á kọ́kọ́ wá dúró ní pálọ̀ mi, màá gun àga, màá pariwo lé e lórí títí orúnkún rẹ̀ ò fi ní yẹ̀ mọ́.