Corolla tó ń kú ní Ìwó Road: bí mo ṣe tọpa sẹ́nsọ̀ kíránkì rẹ̀

Màmá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, ló gbé Corolla ọdún 2003 rẹ̀ wá bá mi. Láàárọ̀, mọ́tò á ṣiṣẹ́ bíi tuntun. Tó bá wá dé inú go-slow Ìwó Road, tí oòrùn ti mú, kò ní wúkọ́, kò ní sín, á kàn kú. Wọ́n á kíìkì í títí, sítátà á máa yí, ẹ́ńjìnnì ò ní gbà. Tó bá sinmi bí ìdajì wákàtí, á tún gbà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

"Ọmọ mi, wọ́n ní epo ni, wọ́n pààrọ̀ pọ́ńpù. Wọ́n ní púlọ́ọ̀gì ni, wọ́n pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó ṣe é kẹ́yìn fi síkánà sí i, ó ní sẹ́nsọ̀ kíránkì ni. A pààrọ̀ ìyẹn náà. Ó tún kú lánàá."

Ọ̀rọ̀ tó fi parí yẹn ló jẹ́ kí n fa àga sún mọ́ ọn.

Mo fi síkánà tèmi, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe mọ́tò, sí i. P0335 nìkan ló wà níbẹ̀. Kóòdù yìí kì í sọ pé sẹ́nsọ̀ ti bàjẹ́ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ṣe ń kà á. Ohun tó ń sọ ni pé brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) ń retí ìròyìn láti ojú ọ̀nà kíránkì (ọ̀pá tí àwọn písítìnì ń yí), kò sì rí i gbà. Sẹ́nsọ̀ wà lójú ọ̀nà yẹn, wáyà wà níbẹ̀, ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, brain box fúnra rẹ̀ sì wà ní ìparí rẹ̀. Ẹni tó ka kóòdù tán tó sáré lọ ra sẹ́nsọ̀ ní Gate, owó oníbàárà ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo àyẹ̀wò mi ti jáde. Lára ẹ́ńjìnnì yìí, irin eléyín kan wà lórí kíránkì. Àyè eyín 36 ló ní, ṣùgbọ́n wọ́n fo 2, ó ku 34. Sẹ́nsọ̀ jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wé wáyà kọ́pà tín-ín-rín mọ́. Bí eyín bá ṣe ń kọjá níwájú rẹ̀, iná kékeré á máa jáde. Ibi tí eyín ti fo yẹn ni brain box fi ń mọ ibi tí kíránkì yí dé. Àmọ́ písítìnì máa ń gòkè lẹ́ẹ̀mejì kí púlọ́ọ̀gì tó ní láti ṣáná lẹ́ẹ̀kan. Kíránkì nìkan ò lè sọ ìgòkè wo ló tọ́. Káàmù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, ló ń sọ ọ́, torí ó ń yí lẹ́ẹ̀kan bí kíránkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdí nìyí tí ìṣe wọn fi yàtọ̀. Bí ìròyìn kíránkì bá já, ẹ́ńjìnnì irú èyí á kú. Bó bá jẹ́ ti káàmù ló já, ọ̀pọ̀ mọ́tò á ṣì máa lọ, ṣùgbọ́n á máa pẹ́ kó tó gbà láàárọ̀, iná check engine á tàn, P0340 á wọlé. Bí kóòdù bá wá jẹ́ P0016, tó ń sọ pé kíránkì àti káàmù ò fohùn ṣọ̀kan, mo máa ń fura sí táímìn-ṣéènì tó so méjèèjì pọ̀ kí n tó fọwọ́ kan sẹ́nsọ̀ kankan. Mo rí mọ́tò kan tí wọ́n pààrọ̀ sẹ́nsọ̀ káàmù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣéènì ló ti nà.

Ká padà sọ́dọ̀ Màmá. Mọ́tò tó ń kú nígbà tó bá gbóná, ẹ ò lè yẹ̀ ẹ́ wò ní tútù. Mo tàn án, mo tan AC, mo fi í sínú oòrùn ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, mo lọ jẹun. Ó tó nǹkan bíi àádọ́ta ìṣẹ́jú kó tó kú. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi kíìkì í, mo tẹjú mọ́ síkánà. Sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì dáadáa, ṣùgbọ́n RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) wà lórí 0, kò mira. Epo àti púlọ́ọ̀gì gbàdáláre lójú ẹsẹ̀: brain box ò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń yí rárá.

Kí ó má tutù mọ́ mi lọ́wọ́, mo yára tú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́nsọ̀, mo fi mítà wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. 2.3 kílóòmù (ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dènà iná). Sẹ́nsọ̀ gbóná, ara rẹ̀ sì le. Mo dá ṣọ́kẹ́ẹ̀tì padà, mo lọ sídìí brain box, mo yọ ojú rẹ̀, mo wọn wáyà méjèèjì kan náà láti òpin kejì. Mítà kọ OL. Ọ̀nà ti já láàárín. (Sẹ́nsọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì nìkan ni ẹ lè fi òòmù wọ̀n bẹ́ẹ̀ o. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sábà máa ń ní ẹ̀rọ kékeré nínú, iná tó ń wọlé àti gíráùndì rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.)

Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi máa wo mítà, èmi ń fọwọ́ tọ wáyà láti ìsàlẹ̀ bọ̀, mo ń mì ín díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ mi dé ẹ̀gbẹ́ ọ́tánétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń ṣe iná fún mọ́tò), ó kígbe pé, "Ọ̀gá, ó ti kọ nọ́ńbà!" Mo mì ín padà, ó tún di OL.

Téèpù dúdú ló wà níbẹ̀, ó ti yọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka bí oje igi. Mo fi réésà là á. Ẹnì kan ti gé wáyà méjèèjì nígbà kan rí, ó fọwọ́ lọ́ wọn pọ̀, ó wé téèpù mọ́ ọn, kò fi lẹ́ẹ̀dì jó o. Kọ́pà ibẹ̀ ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé, okùn mẹ́ta péré ló kù tó ń kan ara wọn. Bí ibẹ̀ bá gbóná, téèpù á rọ̀, wọ́n á sún kúrò lára ara wọn. Bó bá tutù, wọ́n á tún pàdé. Màmá rántí pé wọ́n pààrọ̀ ọ́tánétọ̀ lọ́dún tó kọjá.

Mo gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, mo so wáyà tuntun mọ́ ọn, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó o, mo fi rọ́bà tó ń fún bọ̀ ọ́. Mo lọ́ méjèèjì mọ́ra bí wọ́n ṣe wà láti ilé-iṣẹ́, torí bí wọn ò bá lọ́, ariwo iná ọ́tánétọ̀ lè kó wọnú rẹ̀. Mo sì so ó jìnnà sí bẹ́líìtì.

Sẹ́nsọ̀ àkọ́kọ́ ṣì wà nínú báàgì Màmá, nínú ọ̀rá. Mo wọn òun náà: 1.90 kílóòmù. Mo ti orí rẹ̀ bọ omi gbígbóná láti inú kẹ́tùlù, ó rọra gòkè dé 2.34, kò já. Ohun tó yẹ kí kọ́pà ṣe bó bá gbóná nìyẹn. Sẹ́nsọ̀ yẹn kò ní àbùkù kankan tẹ́lẹ̀ rárá.

Lọ́jọ́ kejì a gbé mọ́tò náà wọ Ìwó Road ní aago méjì ọ̀sán, AC ń ṣiṣẹ́, síkánà wà lórí ẹsẹ̀ mi. Ó lé ní wákàtí kan ká tó jáde nínú go-slow. RPM ò fò rí.

Màmá sanwó, ó wá rò ó díẹ̀. Ó ní ṣé mi ò lè bá òun yọ pọ́ńpù tuntun yẹn, kí n dá ti tẹ́lẹ̀ padà, kí òun lọ ta tuntun.

Mo ní, "Mà, ibo ni ti tẹ́lẹ̀ wà?"

Ó ní mẹkáníìkì yẹn ti gbé e lọ.